Ilé Iṣẹ́ Àtijọ́: Ṣé Kí Á Wó O Ni, Tàbí Kí Á Tún Un Ṣe?

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1985, iná jó Ilé Kòkó tí ó wà ní Dùgbẹ̀, ní ìlú Ìbàdàn. Ilé tí à ń wí yìí kì í ṣe ilé kékeré. Àjà 26 ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí orúkọ kòkó fi mọ́ ọn lára títí di òní. Bí irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ilé, ọ̀nà méjì ni ó máa ń wà níwájú onílé. Ó lè wó o palẹ̀, kí ó kó àfọ́kù rẹ̀ dànù, kí ó sì kọ́ òmíràn sí ibẹ̀. Ó sì lè yẹ òpó àti àjà rẹ̀ wò fínnífínní, kí ó tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe, kí ó sì fi ẹran ara tuntun wọ egungun àtijọ́. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n tọ̀ ní Dùgbẹ̀. Ọ̀nà náà kò yá, nítorí oṣù Kẹjọ ọdún 1992 ni ilé náà tó padà di lílò.

Lónìí, kì í ṣe ilé tí iná jó nìkan ni ó ń gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀. Àwọn ilé ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1955 sí 1980 ti ń darúgbó káàkiri ayé. Ẹ̀rọ agbéniròkè wọn kì í ṣiṣẹ́ déédéé mọ́, wáyà iná wọn ti gbó, omi ń jò wọlé láti òrùlé, àwọn ayálégbé sì ń kó lọ sí ilé tí ó bóde mu. Ọ̀pọ̀ onílé gbà pé wíwó ni ó kàn. Àwọn onímọ̀ mìíràn sì ń pariwo pé ìwà àpà gbáà ni. Kí á tó lè mọ ẹni tí ó jàre, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ó fara pamọ́ sínú ògiri àti òpó ilé, èyí tí ojú lásán kò lè rí.

Ohun náà ni èéfín. Gbogbo ènìyàn ni ó ti mọ̀ báyìí pé afẹ́fẹ́ kábọ̀n tí ó ń jáde láti inú epo, èédú àti gáàsì tí ọmọ aráyé ń sun ni ó ń mú kí ayé máa móoru, tí òjò kò fi bọ̀wọ̀ fún àkókò rẹ̀ mọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nínú ẹ̀ka rẹ̀ tí ó ń mójú tó àyíká, ti fi hàn pé nǹkan bí ìdá 37 nínú 100 afẹ́fẹ́ kábọ̀n tí ó ń ti inú agbára àti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá jáde ni ó jẹ́ ti ilé kíkọ́ àti ilé lílò. Èéfín ilé pín sí oríṣi méjì. Èkíní ni èéfín ìlò: èyí tí ó ń jáde lójoojúmọ́ nítorí iná mànàmáná, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ amúnáwá. Èkejì ni èéfín ìkọ́lé: èyí tí ó ti jáde tán kí ẹnikẹ́ni tó gbé àga wọ inú ilé náà, nígbà tí wọ́n ń sun símẹ́ǹtì, tí wọ́n ń yọ́ irin, tí wọ́n ń gbé gbogbo rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn.

Èéfín ìkọ́lé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ẹ jẹ́ kí á mú símẹ́ǹtì wò. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe símẹ́ǹtì ní Ewékoró, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Ògùn lónìí, nítorí pé òkúta ẹfun pọ̀ ní ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n á wa òkúta yìí, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì sun ún nínú iná tí gbígbóná rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 1,450 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Bí ẹnìkan bá rò pé iná yẹn nìkan ni ó ń rú èéfín, àṣìṣe ni. Òkúta náà fúnra rẹ̀ ni ó gbé afẹ́fẹ́ kábọ̀n pamọ́ sínú. Bí a bá sun ojúlówó òkúta ẹfun tọ́ọ̀nù kan, nǹkan bíi kílò 440 nínú rẹ̀ ni yóò di afẹ́fẹ́ kábọ̀n, tí yóò sì fò lọ. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ fi iná oòrùn sun ún, èyí tí ó wà nínú òkúta yóò ṣì jáde. Irin náà kò gbẹ́yìn. Irin tọ́ọ̀nù kan tí wọ́n fi èédú yọ́ láti inú òkúta irin a máa tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì afẹ́fẹ́ kábọ̀n sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ro èyí dáadáa yóò rí i pé ilé ọ́fíìsì àtijọ́ dà bí gbèsè tí a ti san. Èéfín dẹ́kì àti òpó rẹ̀ ti jáde láti ìgbà àwọn bàbá wa; kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wó o, tí a sì kọ́ òmíràn, a ó san gbèsè náà lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ayé kò ní ààyè fún un mọ́. Nínú ilé alájà púpọ̀, egungun ilé, ìyẹn ìpìlẹ̀, òpó, ìdábùú àti dẹ́kì, ni ó máa ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú èéfín ìkọ́lé sára. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilé tuntun lè ní gíláàsì tí ń dán gbinrin, kò lè ní egungun tí a ti san owó èéfín rẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Àpẹẹrẹ kan tí ó fa ojú ayé mọ́ra wà ní ìlú Sydney, ní Ọsirélíà. Ilé gogoro kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AMP Centre, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1976. Nígbà tí ó di pé kò gba àwọn ayálégbé mọ́, àwọn tí ó ni ín ní kí wọ́n má wó o, àwọn ayàwòrán ilé láti Dẹ́ńmáàkì ni ó sì yàwòrán àtúnṣe rẹ̀. Wọ́n pa ìdá 65 nínú 100 òpó, ìdábùú àti dẹ́kì rẹ̀ mọ́, wọ́n sì pa ìdá 95 mọ́ nínú agbárí àárín ilé, níbi tí àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ agbéniròkè ń gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n so apá tuntun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àjà kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ sí i. Ọdún 2022 ni iṣẹ́ náà parí, tí orúkọ ilé náà sì di Quay Quarter Tower. Èéfín tí wọ́n tipa báyìí yẹra fún tó tọ́ọ̀nù 12,000. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà rọrùn o. Kọnkéré tuntun a máa súnkì bí ó ti ń gbẹ, ti àtijọ́ sì ti súnkì tán láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a bá kàn lẹ̀ wọ́n pọ̀ láìṣe ìṣirò, wọn yóò fa ara wọn ya.

Ọ̀rọ̀ kò parí sí orí egungun. Bí a bá tọ́jú egungun ilé, tí a wá ra ilẹ̀kùn, fèrèsé, ògiri ìpínyà, táìlì àti sílíǹgì tuntun fún gbogbo àjà, èéfín yóò tún gba ẹ̀yìn wọlé. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ lílo ohun tí a ti lò rí ti wúlò. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ayé àtijọ́, bí ilé alámọ̀ bá wó, ta ni ó máa ń kó amọ̀ rẹ̀ dànù? Wọ́n á bu omi sí àlàpà náà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á sì fi í mọ ògiri mìíràn ní ojú ilé kan náà. Àwọn igi àjà tí kòkòrò kò jẹ á tún gun orí ilé tuntun. Ilé a máa wó, ohun èlò rẹ̀ kì í sì di ààtàn. Símẹ́ǹtì ni ó kọ́ni ní àṣà kí á máa fi òòlù fọ́ ògiri, kí á sì máa fi tírélà kó o lọ dà sí kòtò.

Àwọn ará Oslo, ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ti gbìyànjú láti mú irú ọgbọ́n yìí bá ilé ọ́fíìsì mu. Ilé kan wà ní òpópónà Kristian Augusts, ojúlé 13, tí wọ́n kọ́ ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Àwọn tí ó ni ín pinnu pé àtúnṣe ni wọn yóò ṣe, àti pé ohun àlòkù ni wọn yóò fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Irin òpó apá tí wọ́n fi kún un jẹ́ irin tí ó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn rí. Nínú àwọn dẹ́kì rẹ̀, àwọn kan ti inú ilé ìjọba kan tí wọ́n ń tú palẹ̀ nítòsí wá. Fèrèsé wà níbẹ̀ tí ẹlòmíràn ti ṣì rà, tí kò sì bá ilé tirẹ̀ mu. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ohun tí wọ́n lò ni ó jẹ́ àlòtúnlò. Ní ìlú London, ní ilé tí wọ́n ń pè ní 1 Triton Square, tí wọ́n kọ́ ní ìparí ọdún 1990 sí 2000, wọ́n tú gbogbo àwọ̀ gíláàsì àti alumíníọ̀mù ara ilé náà, wọ́n kó o lọ sí ibi kan tí kò jìnnà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ àwọn rọ́bà rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sí ara ilé kan náà. Wọ́n tún fi àjà mẹ́ta lé e lórí. Ọdún 2021 ni iṣẹ́ náà parí.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé gbogbo ohun tí a bá tú ni a lè tún lò. Bí wọ́n ṣe so ó ni ó ń pinnu. Irin tí wọ́n fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè á tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tí wọ́n jó pọ̀ á gba kí wọ́n gé e. Bíríkì tí wọ́n fi ẹfun tò ní ayé àtijọ́ ṣe é gbá mọ́, kí á tún un tò. Èyí tí wọ́n fi símẹ́ǹtì líle tò yóò fọ́ kí ó tó gbà láti jáwọ́ lára èkejì rẹ̀. Ohun tí kò bá ṣe é lò bí ó ti wà, kí á yọ́ ọ tàbí kí á lọ̀ ọ́ ni ó kù. Ti alumíníọ̀mù dára gan-an ní apá yìí, nítorí pé nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 agbára tí ó ń gba láti ṣe tuntun ni ó ń gba láti yọ́ àtijọ́. Ti kọnkéré kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá ti fọ́ ọ, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó dà, símẹ́ǹtì tuntun ni yóò sì tún so ó pọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kí á tọ́jú òpó ní ìdúró ju kí á fọ́ ọ, kí á sì máa yangàn pé a tún un lò.

Apá tí ó gba ìṣọ́ra jù lọ ni ti àyẹ̀wò. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé gbígbé alájà púpọ̀ tí ó ń jẹ́ Grenfell Tower jóná ní London, ènìyàn 72 ni ó sì bá a lọ. Ilé àtijọ́ ni; wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni. Àwọ̀ tuntun tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ nígbà àtúnṣe, alumíníọ̀mù tí ọ̀rá tí ń jó wà láàárín rẹ̀, ni ó gbé iná láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní ìhà tiwa, ilé alájà 21 kan wó ní Ìkòyí, ní ìlú Èkó, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Ilé tuntun ni èyí, wọn kò tíì kọ́ ọ parí. Ẹni tí ó bá ń sọ pé tuntun ni ó dájú, tàbí pé àtijọ́ ni ó lágbára, kò tíì sọ nǹkan kan. Àyẹ̀wò ni ó ń sọ òtítọ́.

Báwo ni a ṣe ń yẹ kọnkéré àtijọ́ wò? Àwọn ẹnjiníà a máa fi ẹ̀rọ lu ihò sí i, wọn á fa ègé róbótó kan yọ, wọn á sì lọ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ títí yóò fi fọ́, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé. Àyẹ̀wò kejì wà tí olùkọ́ kẹ́mísírì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì láìlo ẹ̀rọ olówó ńlá. Kọnkéré tí ó yè kooro ní ìwà kan náà pẹ̀lú omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ìwà yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá irin inú rẹ̀ dógùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, afẹ́fẹ́ kábọ̀n inú ayé a máa wọ inú kọnkéré lọ díẹ̀díẹ̀, a sì máa pa ìwà eérú náà. Bí a bá da oògùn tí wọ́n ń pè ní phenolphthalein sí ojú ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, ibi tí ó ṣì yè yóò pọ́n bí òdòdó, ibi tí ó ti kú kò ní yí àwọ̀ padà. Bí ibi tí ó kú náà bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá irin, a jẹ́ pé irin ti wà ní ìhòòhò. Irin tí ó bá dógùn-ún a máa wú, á sì ti kọnkéré ya. Ní etí òkun, bí irú Marina ní Èkó, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ tún máa ń bá a ṣe iṣẹ́ ibi náà kíákíá.

Nígbà tí àwọn ará Oslo fẹ́ lo dẹ́kì àlòkù, bí wọ́n yóò ṣe fi ẹ̀rí agbára rẹ̀ hàn jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún wọn. Ní ọdún 2022, orílẹ̀-èdè Nọ́wè gbé òfin ìwọ̀n kan jáde, NS 3682, tí ó sọ bí a ó ṣe máa yẹ irú dẹ́kì bẹ́ẹ̀ wò kí á tó tún un lò. Ó tún yẹ kí á kíyè sí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí wọ́n lò púpọ̀ fún sílíǹgì àti òrùlé ní ayé ọjọ́un. Eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun àlòkù kan nìyí tí kò yẹ kí á tún lò láéláé, kò sì yẹ kí ọmọṣẹ́ kankan fi ọwọ́ lásán fọ́ ọ.

Kò yẹ kí á kàn da ọgbọ́n Nọ́wè kọ sílẹ̀ kí á sì máa lò ó ní Ìbàdàn. Agbára omi ni ó ń fún àwọn ará Oslo ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná wọn, nítorí náà èéfín ìlò wọn kéré, èéfín ìkọ́lé ni ó ń dùn wọ́n. Ní Nàìjíríà, níbi tí ẹ̀rọ amúnáwá oní-dísù ti ń dún ní ẹ̀yìn ọ́fíìsì, èéfín ìlò ṣì ń peléke, àtúnṣe tí kò bá sì dín in kù, àbọ̀ iṣẹ́ ni. Ìtutù ni wọ́n ń sá fún lọ́hùn-ún. Oòrùn ni tiwa. Ó sì dùn mọ́ni pé àwọn tí ó kọ́ ilé ní ilẹ̀ wa ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá mọ èyí. Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew, tí wọ́n yàwòrán ọ̀pọ̀ ilé ní Yunifásítì Ìbàdàn, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1956 lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru. Ẹni tí ó bá dé ilé ìkàwé yunifásítì náà yóò rí ògiri oníhò tí ń gba atẹ́gùn wọlé, tí ó sì ń dá oòrùn dúró síta. Ohun ìbànújẹ́ ni pé bí wọ́n bá ń tún irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ṣe lóde òní, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe nígbà mìíràn ni kí wọ́n gé apá tí ń ṣíji bo fèrèsé, kí wọ́n fi gíláàsì bò ó yíká, kí wọ́n sì wá ra ẹ̀rọ amúlétutù láti fi lé ooru tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pè wọlé.

Fún ògiri ìpínyà inú ilé, kò pọn dandan kí ó jẹ́ búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì. Àjọ ìjọba tí ó ń ṣe ìwádìí nípa ilé àti ọ̀nà ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, ti ṣiṣẹ́ lórí bíríkì tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti inú ilẹ̀ pupa, tí símẹ́ǹtì inú rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò sì nílò láti sun ún nínú iná. Eérú èèpo ìrẹsì náà, bí a bá sun ún dáadáa, lè gba ipò apá kan símẹ́ǹtì.

Àwọn alátakò ní èsì tiwọn, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní ilé àtijọ́ mìíràn wà tí àjà rẹ̀ kéré jù, tí òpó rẹ̀ pọ̀ bí igi inú igbó, àti pé ilé tuntun tí kò jẹ iná púpọ̀ lè san gbèsè èéfín rẹ̀ padà bí ó bá pẹ́. Ní London, wọ́n fi ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jà lórí ilé ìtajà Marks and Spencer tí ó wà ní Oxford Street. Mínísítà kan kọ̀ ní ọdún 2023 pé wọn kò gbọdọ̀ wó o. Ilé ẹjọ́ fagi lé ìpinnu náà ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìjọba mìíràn fi ọwọ́ sí wíwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n “bí ó bá pẹ́” yẹn ni ìṣòro wà. Èéfín ilé tuntun á jáde lónìí pátápátá. Èrè rẹ̀ á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí.

Ọjà àlòkù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilẹ̀ Yorùbá. Bí wọ́n bá wó ilé ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn oníṣòwò ti kó ilẹ̀kùn, fèrèsé, páànù, pákó àti ọ̀pá irin rẹ̀ lọ. Ohun tí ọjà náà kò ní ni ìwé. Ẹni tí ó ra irin níbẹ̀ kò mọ ọdún tí wọ́n ṣe é, ilé tí ó ti wá, tàbí ẹrù tí ó ti gbé rí, ẹnjiníà tí ó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gbé irú irin bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ ọ́fíìsì tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń jókòó sí. Irin rere a wá di ilẹ̀kùn gééètì, nígbà tí ó yẹ kí ó di òpó. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, láti ọdún 2017, wọ́n ti ní ibi ìkọ̀wé-sí kan tí ó ń jẹ́ Madaster, tí onílé lè kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé rẹ̀ sí, láti orí òpó dé orí ilẹ̀kùn, kí ẹni tí yóò tú u ní ọjọ́ iwájú lè mọ ohun tí ó ń bá lò.

Ní ti ilé àtijọ́, ìwé àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìwé náà bá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ kan ní ilé iṣẹ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ ayàwòrán ilé, ẹnjiníà lè mọ iye ọ̀pá irin tí ó wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí kan. Bí ikán bá ti jẹ ẹ́, tàbí tí wọ́n ti kó o sun pẹ̀lú pàǹtí nígbà tí wọ́n ń gbá ọ́fíìsì, àfi kí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ kiri láti àjà dé àjà, kí wọ́n máa wá irin náà ní òpó kan tẹ̀lé òmíràn.